Ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ àti Arúgbó Inú Ẹ̀rọ

Ta ló mú ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró, ṣé Ọlọ́run ni àbí ẹ̀rọ géèmù kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bi ara mi, n kò sì tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ àdúrà nínú ìjọ wa. Ó yẹ kí irú mi mọ̀ ọ́n láìronú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin náà bá mi wò ó.

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ó kúrú, orí òun fúnra rẹ̀ sì pá débi pé kò ní irun kankan tí ẹlòmíràn ì bá bá a gẹ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bó bá ti gbé abẹ sí ẹnìkan lọ́rùn báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún abẹ náà pé, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́," bí ẹni ń tu ẹṣin lójú. Bàbá wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù kan ló pín in sí méjì. Àwọn ọkùnrin wà lápá fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n ń di irun àwọn obìnrin lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹnu rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Kọ́tìnnì náà kò dí i létí rárá. Bí oníbàárà bá ń parọ́ fún Bàbá Jẹ́jẹ́ níhìn-ín, ẹ ó gbọ́ tí yóò húkọ́ lọ́hùn-ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá fá irùngbọ̀n kó tó lọ fojú hàn níbi tó ti ń wá iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ gan-an ni abẹ wà nígbà tó sín. Kò sọ tẹ́lẹ̀. Ta ló máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òun fẹ́ sín? Etí gbọgbẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà kò ju èékánná lọ, òwú díẹ̀ ló dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró, ọkùnrin náà tilẹ̀ rí iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń gbọ̀n. Kì í gbọ̀n bó bá mú ṣíbí. Kì í gbọ̀n bó bá mú ẹ̀rọ ìgẹrun oníná. Abẹ nìkan ni. Bó bá ti ṣí abẹ bàbá wọn pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ á máa jó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ẹkòló, á sá.

Wọ́n bá ké sí mi. Ní gbogbo Ọjọ́rú, bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì tí mo ti ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mò ń gbà lọ. Mo máa di ọwọ́ náà mú, mo máa gbàdúrà títí òógùn á fi bò mí. Oṣù mẹ́fà gbáko. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn ní ìkángun òpópónà ni mo ti ń lọ fá irùngbọ̀n. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ọkàn mi gbà á gbọ́, ẹnu mi ń kéde rẹ̀. Àgbọ̀n mi nìkan ni kò tíì gbàgbọ́.

"Alàgbà, àgbọ̀n yín ń dán," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe àmín. "Ta ló fá yín?"

"Èmi ni mo fá ara mi," ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tún fá ẹ̀yìn ọrùn, ó gún régé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń rí ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n húkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ti tọrọ ìdáríjì irọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ sú Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó fẹ́ fá irùngbọ̀n ti ń kọjá lọ níwájú ilé. Ó jáde sí wa lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́.

"Àbúrò mi, gbọ́," ó ní. "Bó bá di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá fá ẹnìkan níwájú mi, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní yọ. Bí o ò bá lè fá a, màá gba ẹlòmíràn síbí, òun ni màá gbé abẹ Bàbá lé lọ́wọ́. Ìwọ á máa gẹ àwọn ọmọléèwé."

Bàbá Jẹ́jẹ́ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Abẹ tó wà níwájú dígí ló ń wò. Abẹ náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé náà, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ gbì, mo gbọ́ gbà, mo gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ń lù. Mo rò pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti kì ara wọn mọ́lẹ̀, mo sáré wọlé. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló dá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó yọ ahọ́n síta, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Àwọn èèyàn wẹ́wẹ́ méjì ń na ara wọn nínú rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" mo bi í.

"Ẹ dúró ná, Alàgbà. Arúgbó yìí fẹ́ pa mí."

"Ó ti pa á," ni Ẹ̀gbọ́n wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Ẹ̀ẹ̀kejìlá rèé látàárọ̀."

Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ẹ̀rọ náà, ó fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni òun rí i nínú àpótí. Àwọn géèmù ìjà tó wà nínú rẹ̀, àwọn tí òun mọ̀ nígbà èwe ni, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ gàgàrà bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n wà, tí èèyàn máa ń dúró gbá a mú bí ẹni ń jìjàkadì. Bí bàbá wọn bá rán an lọ pọ́n abẹ, ibẹ̀ ló máa ń yà sí.

"Bàbá fi etí fà mí jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewéko ni Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ń jà. Ó ti fi na gbogbo wọn tán, ó ku ẹnìkan, arúgbó aláṣọ pupa kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé ìdodo. "Òun nìkan ni ọkùnrin tí mi ò tíì rí irùngbọ̀n rẹ̀ fá láyé yìí," ó ní.

Inú bí mi díẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta ló kù o. Ṣé àkókò eré nìyí? Ẹni tí à ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀ wá jókòó, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́."

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá, Alàgbà."

Ó gbé àtàǹpàkò mi lé ẹ̀rọ náà. "Ẹ tẹ ìsàlẹ̀. Ẹ yí i jẹ́jẹ́ lọ síwájú, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì pupa."

Mo ṣe é. Obìnrin aláṣọ ewéko lóṣòó, ó tún dìde. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún lóṣòó.

"Ó ń kí yín ni," ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ̀ ń kánjú, ẹ sì ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, iná ò ní jáde lọ́wọ́ rẹ̀." Ó gbà á, ó yí àtàǹpàkò, iná ńlá sì jáde láti àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà. Ó wá fi àtàǹpàkò yẹn kan náà tọ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ etí yí wá sí àgbọ̀n. "Ṣé ẹ rí i? Ọ̀nà kan náà ni. Ọ̀nà tí abẹ ń gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi ọwọ́ níbí, kò sí etí ẹni tó máa gbọgbẹ́. Èmi nìkan ni màá kú. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo ti kú lónìí, Alàgbà, ẹ wò mí, mo ṣì wà níbí."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró bí òkúta. Mo gbàdúrà tèmi, kò sì gùn. Ojú ń tì mí, nítorí mo ti rí i pé ọwọ́ náà dúró kí n tó la ẹnu.

Nígbà tí Sátidé dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Aránṣọ òdìkejì ní aṣọ pọ̀ nílẹ̀. Awakọ̀ tó máa ń gbé ọkọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbèrò láti dá irùngbọ̀n sí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ọ̀hún. Nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú Bíbélì mi, Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká ọwọ́ sáyà, aṣọ funfun kan wà lórí itan rẹ̀. Àga oníbàárà ṣófo.

"Alàgbà, irùngbọ̀n yín ti hù," ó ní.

"Ó ti hù díẹ̀, mà."

"Oṣù mẹ́fà lẹ ti ń bẹ Ọlọ́run kó wo ọwọ́ yìí sàn. Ṣé Ó ti wò ó sàn?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àga rèé. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀ láti oṣù mẹ́fà? Mo jókòó.

Bàbá Jẹ́jẹ́ so táwẹ̀lì mọ́ mi lọ́rùn, ó fi ọṣẹ kùn mí. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì," ó ní. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá arúgbó jà. Mo ń wò ó nínú dígí. Arúgbó pa á. Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí abẹ.

Abẹ náà gbọ̀n. Mo rí i. Òun náà rí i. Ó pa abẹ dé, ó yí àtàǹpàkò lófuurufú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ṣí i.

"Jẹ́jẹ́," ó sọ fún un.

Mo wá sáàmù tí mo há sórí jù lọ, n kò rí i. Gbogbo ìgbàgbọ́ ọdún mọ́kàndínlógún kó jọ sórí àdúrà kan ṣoṣo, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n sín. Abẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí ọ̀tún, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, ó dé àgbọ̀n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí òsì. Ó tutù, ó sì dán, kò já mi lára rárá. Mi ò mọ̀ pé mo ti di ojú àfìgbà tí mo gbọ́ tó ní, "Ó ti tán."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó fi aṣọ funfun nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, ó nu ọrùn, ó gbé aṣọ náà sójú fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan.

"Ó ku irun kan lábẹ́ etí ọ̀tún," ó ní. Ó gbé abẹ bàbá wọn, ó nù ún, ó dá a padà síwájú dígí àbúrò rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. A gbọ́ tó ń fọn imú fún ìgbà díẹ̀.

Mo fọwọ́ pa àgbọ̀n mi. "Bàbá Jẹ́jẹ́," mo ní, "lọ́la, ẹ ó bọ́ síwájú ìjọ, ẹ ó jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe."

"Ọwọ́ mi ló dúró, Alàgbà. Ohùn mi ò tíì dúró. Bí mo bá rí èrò báyìí, mi ò ní lè sọ ju orúkọ mi lọ." Ó ti tún gbé ẹ̀rọ náà, obìnrin aláṣọ ewéko ti ń nàró níwájú arúgbó. "Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi jẹ́ ẹ̀rí náà. Ẹ sọ àdúrà tí ẹ gbà, ẹ má dín in kù. Ẹ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fá yín tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú." Ó gbójú sókè wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ má yọ ẹ̀rọ yìí kúrò níbẹ̀."