Ẹ̀rọ Tó Ń Sọ Ọjọ́ Méjì Di Ọ̀kan

Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń rí iná pupa kékeré yẹn: á tàn, á kú, á tún tàn, bí ojú ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ara àpótí pákó kan ló wà, nínú yàrá mi ní Òṣogbo, ogún ẹyin sì wà nínú àpótí náà.

Ẹ̀wà àti gàrí ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, mo ṣì ń tà á. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé n kì í gba ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìfi kóńgò tèmi tún un wọ̀n. Ìbáà jẹ́ pásítọ̀ ló gbé e wá, n óò tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú. Wọ́n ní ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Mo ní kóńgò wọn ló jìn níta tí kò jìn nínú.

Lọ́dún yẹn, àrùn wọ àárín adìẹ ìyá mi ní Ọ̀tan-Ilé, ó pa wọ́n tán. Ìran adìẹ tí ìyá ìyá mi ti ń sìn kí wọ́n tó bí mi ni. Ogún ẹyin péré ló ṣẹ́ kù. Ọmọbìnrin àbúrò mi, tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Ìkeji-Arákeji, ló ní òun lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò bá wa sàba lé wọn. Yóò máa mú wọn móoru, yóò máa yí wọn padà ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ kí ọmọ inú wọn má baà lẹ̀ mọ́ èèpo, yóò sì máa kọ iye ọjọ́ sójú gíláàsì rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ń lù kì kì kì bí ọkàn, àti pé kánẹ̀lì, ìyẹn kódù ìsàlẹ̀ pátápátá tí gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lé, gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tó ń lù ní sẹ́kọ́ńdù kan, torí òun ló fi ń mọ ohun tó ń jẹ́ wákàtí. Ẹni tó ta ọpọlọ náà ti kọ iye kan sí i lára, iye yẹn ló sì wà nínú kánẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ dán an wò. Ó ti mú kí iná pupa máa tàn lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ó kù kó fi aago kà á. Awakọ̀ tí yóò gbé e padà sí Ìkeji sì ti ń fọn fèrè níta.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára, o tún fẹ́ kà á. Ṣé bí ẹ ṣe ń pẹ́ nílé ìwé nìyẹn?”

“Màmá Ọjà, ohun tí wọ́n kọ lè má jẹ́ òótọ́.”

“Gbé báàgì rẹ.”

Ó gbé e.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, mo wo gíláàsì: mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìwé mi kò jìnnà, àmọ́ mo mọ mẹ́rin yàtọ̀ sí mẹ́jọ. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń gùn. Mo mú fóònù láti pè é, mo rántí ẹ̀rín tí mo rín, mo gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn kò sọ bí ó ṣe ń dun ẹlẹ́nu mímú tó láti béèrè.

Ọjọ́ kọkànlélógún ni ọmọ náà dé, ó ní òun wá gbọ́ igbe ọmọ adìẹ. Ó wo gíláàsì, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó mú aago, ó ka iná náà. Níbi tó yẹ kó ti tàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tàn. Ìdajì eré tí wọ́n kọ sí i lára ni ọpọlọ náà ń sá. Wákàtí mẹ́jọ rẹ̀, mẹ́rìndínlógún tiwa ni. A fọ́ ẹyin. Gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ èèpo.

Ó bi mí bóyá mo wo gíláàsì náà rí.

“Níbo ni mo ti kàwé tí n óò fi mọ ohun tí ẹ̀rọ ń kọ?” Èmi tí mo mọ nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà mi lórí.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ní kò burú. Igi ìdáná ló kó sínú ilé adìẹ rẹ̀ títí ó fi kú.

Lónìí, ọmọ náà ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́sìn. Kánẹ̀lì rẹ̀ kì í ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ wọn eré ọpọlọ ara rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ìkánjú òun ló pa ìran adìẹ ìyá àgbà òun rẹ́. Mo ti jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó ń sọ ọ́, èmi tí mo máa ń tẹ ìdí kóńgò gbogbo ayé wò.

N kò tí ì sọ fún un pé mo rí mẹ́rin.