Bí Mo Ṣe Sọ Ọmọ-ọmọ Mi Di Tíṣà

Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Òyìnbó. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà mi ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwé àwọn olùkọ́ ní Oǹdó ní kí ọmọ-ọmọ mi obìnrin wá fi iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dánra wò ní ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló wọ̀ sí. Nínú yàrá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dún bíi ti rédíò. Tó bá dé kíláàsì, ẹnu á pa dé. Màmá olùkọ́ tó ni kíláàsì náà máa ń jókòó sẹ́yìn, á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, á sì ṣì í sọ. Ta ni yóò sọ fún àgbà lójú ọmọ pé ó ṣì í? Ọmọ-ọmọ mi á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, mà," àwọn ọmọ á sì kọ àṣìṣe náà sínú ìwé.

"Bàbá, tí olùyẹ̀wò bá ti Oǹdó dé ní Ọjọ́bọ̀, tó bá mi báyìí, màá tún ọdún yìí ṣe ni."

"Sá lọ ulé bá màmá rẹ nígbà náà. Ṣebí ọkọ̀ Oǹdó kún gáréèjì."

"Màmá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti di tíṣà!"

Ẹ ò rí i? Ọ̀nà ilé dí, ọ̀nà kíláàsì dí.

Mo ní kó kọ́ èmi. Ó gbé ìwé fún mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ kà á lódì. "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo tún bà á jẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó fò dìde, ó dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá! Ẹ ò ní jáde níbí tí ẹ ò bá kà á dáadáa!"

Kíá ló fọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀.

Mo ní, "Dìde, jàre. Báyẹn gan-an ni kí o sọ ọ́ lọ́la. Ṣáà fi 'ẹ jọ̀ọ́, mà' ṣáájú."

Ó sọ ọ́ fún màmá olùkọ́ náà lójú olùyẹ̀wò. Ó ní màmá náà kò dáhùn ìkíni òun mọ́ títí òun fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ní ó yege.

Ibi tí mo ti parọ́ rèé: mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ka ìwé yẹn lódì. Pírámárì mẹ́ta ni mo ti dúró, n ò mọ̀ ọ́n kà ni. Nígbà tí ọmọ yẹn dí ẹnu ọ̀nà, fèrèsé ni mo ń wò.