Oògùn Alhaja Kò Bá Fọ́ọ̀mù Mi Mu

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbẹ̀wò ìlera láti ilé dé ilé ní Forestville, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ìpele márùn-ún ni aláìsàn máa ń là kọjá: ẹni tí kò rí ti oògùn rẹ̀ rò rárá wà ní ìkínní, ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ wà ní ìkarùn-ún. Tèmi ni kí n béèrè, kí n kọ nọ́ńbà. Mo ní, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?

Àṣé mi ò tíì rí Alhaja. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra. Mo ka oògùn tó kù nínú ìgò rẹ̀, iye tó yẹ kó kù gan-an ló kù. Mo kọ márùn-ún. Mo fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Dókítà ti ń sọ pé rọpárọsẹ̀ lè dá a wólẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ̀rù bà mí, orí mi sì dàrú. Ta ló ń purọ́, ìgò ni àbí ẹ̀rọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìyá kan wọlé, ó kí wa, ó na ọwọ́. Alhaja fi ọ̀bẹ la hóró oògùn kan sí méjì, ó fún un ní ààbọ̀, ó gbé ààbọ̀ tó kù mì. Omi tí mò ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ pá mi lórí.

"Háà! Alhaja, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ìyá Kudi nìyí. Mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe òun náà, kò sì ní ìnṣọ́ránsì tó máa san owó oògùn."

"Ààbọ̀ ò lè tó yín, mà! Ẹ fẹ́ kú ni?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n lé e ni?"

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó ní kí n kọ mẹ́ta. Mo ní, "Fún ta ni nínú àwọn méjèèjì?"

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọkọ̀ mi gbé Ìyá Kudi lọ sí kílíníìkì kan tí wọn kì í béèrè ìnṣọ́ránsì, wọ́n ní àwọn máa fi oògùn ránṣẹ́ sí i. Mo bẹ Alhaja kó gbé odindi mì, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ó di ìgbà tí oògùn tiẹ̀ bá dé."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbàdúrà kí Alhaja má ṣubú. Ọjọ́ tí ìgò Ìyá Kudi dé, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga kan náà, kálukú mú odindi lọ́wọ́, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n gbé e mì. Alhaja dìde, ó lọ dá ọ̀bẹ padà sí kíṣìnì.

Títí di òní, mi ò mọ ìpele tí wọ́n wà. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ aláìsàn sí, orúkọ méjì ni mo kọ síbẹ̀.