Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dá Abẹ́rẹ́ Lóhùn

Òórùn sípírítì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu apá ọmọdé kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ ṣì máa ń bí mi nínú títí dòní. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, nítòsí Paparanda, níbi tí ooru Lokoja ti máa ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, tí afẹ́fẹ́ odò sì ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé. Bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì pọ̀, ojú ọmọ mi obìnrin ni mo máa ń rí, bó ṣe jókòó síbẹ̀ tó ń fi etí gèlè nu omijé.

Ọkọ rẹ̀ ló lọ fi ẹ̀jẹ̀ ta ẹnìkan níbi iṣẹ́ lọ́rẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n rí hẹpatáítísì B nínú rẹ̀, àrùn tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ mi kò ní in, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin náà kò ní in. Àmọ́ wọ́n ní kò sí ààbò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé náà, bí ẹni tí wọn kò gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára rí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé kan náà ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé.

Nọ́ọ̀sì àgbà wo ọmọ mi láti òkè délẹ̀. "Màdáámù, ẹ sọ òótọ́. Ẹ ò gbé ọmọ yìí wá."

"Mo gbé e wá, mà. Gbogbo ẹ̀ ló gbà. Káàdì ẹ̀ ló sọnù."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ mi obìnrin, tó tẹ̀ lé wa wá, pòṣé. Ó ní ìyá tó fẹ́ràn ọ́fíìsì ju ọmọ lọ, kí ni kò lè gbàgbé? Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Mo sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ní àwọn bàbá kì í fẹ́ kí ojú ti ọmọ wọn.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ọmọ méjì lè gba abẹ́rẹ́ kan náà, kí ara ọ̀kan gbéra láti jà, kí ti èkejì sùn lọ. Ohun tí ọmọ jogún lára òbí wà lára ohun tó máa ń fa irú ẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni," ló wí. "A máa tún un gún."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbọ́, àbí? Àrùn ìdílé ni. Kò sí irú ẹ̀ nílé tiwa."

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe láàárín wa. Ó lè lé àfẹ́sọ́nà àbúrò ọmọ mi lọ. Ọkọ ọmọ mi, àbúrò obìnrin yìí gan-an, tí wọ́n rí àrùn lára rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí a ṣì ń jẹ adìẹ lọ́jọ́ Sunday, olùkọ́ wa kan fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sójú pátákó: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọdé ni wá, ó sì yé wa kíá. Ti obìnrin yìí kò jẹ mọ́ àìmọ̀wé. Kò fẹ́ kó yé òun ni.

"Àna mi," ni mo wí, "ṣé ìyá nìkan ló bí i ni?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta.

Wọ́n tún ọmọ náà gún. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn náà, ààbò ti wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹnìkan máa tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà gbé ọmọ sókè ní pálọ̀ wọn ní Lokongoma, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ilé wa rèé! Bàbá ẹ̀ ló jọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn sùn, ti ìyá ni. Bó ṣe jí, ó di ti bàbá. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé àwọn kan kì í wá ìdí àìsàn. Ẹni tí wọn yóò dì í rù ni wọ́n ń wá.

Ọmọ mi ti bí òmíràn báyìí. Bí wọ́n bá ti fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ó máa ń gbé fóònù sókè, á ya fọ́tò apá ọmọ, á ya abẹ́rẹ́, á ya ojú nọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù náà. Wọ́n rò pé ìdùnnú ni.