Ìgò Ni Ká Kọ́kọ́ Dé

Ọ̀gá mi obìnrin ní yàrá ìwádìí kẹ́míkà ní Gwagwalada kì í dáhùn ìkíni bí ìgò bá ṣí lọ́wọ́ wọn. Iyọ̀ kan tó ń ṣàn bí òróró, tí kò sì gbọdọ̀ ní omi nínú, ló wà nínú ìgò náà. Inú rẹ̀ la ti ń fi iná mànàmáná lẹ fàdákà mọ́ bàbà. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, á fa omi mu, iṣẹ́ á sì bàjẹ́.

Lọ́jọ́ òjò kan, olórí ẹ̀ka wa, àgbàlagbà, wọlé. Mo gbé ìgò kalẹ̀ láìdé e, mo dọ̀bálẹ̀. Ìgò tó kẹ́yìn nìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù kí n fi iṣẹ́ àṣekágbá mi sílẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣiṣẹ́, fàdákà mi dúdú bí èédú.

Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n fi Haúsá kí mi pẹ̀lẹ́. "Sànnu, ọmọlúàbí. O kí wọn dáadáa."

N kò lè sọ pé wọn ò bínú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n jókòó tì mí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí a ń rọra yọ omi kúrò nínú iyọ̀ náà. Fàdákà tuntun dán.

"Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kó o tó yọ̀," wọ́n ní.

Nígbà tí mo lọ dágbére, ìgò ṣí lọ́wọ́ wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dákẹ́. Wọ́n dé e, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, wá kí mi. O ti gboyè."