Kàdírì Tí Wọ́n Jẹ Fìdáù Rẹ̀ Láàyè

Ní Ṣakí níbí, bí ẹ bá béèrè Kàdírì Sójà, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé èyí tó kú ni. Kò kú. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, èmi sì ni mò ń gba iṣu gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní ilé ẹ̀rọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwáwù lorúkọ mi. Wọ́n ní mo lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ohun tí wọ́n ṣe fún wa, tí kò sì lẹ́nu, odi ni.

Ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Bàbá wa ń gbin iṣu lọ́nà Ofiki, ìyá wa a máa bọ̀ ọ́, a sá a sórí àpáta, a sì gbé e lọ sọ́jà. Kàdírì ò fẹ́ràn oko rárá, ẹ̀rọ ló fẹ́ràn. Bí ọ̀kadà bá dákú lójú ọ̀nà, òun ni wọ́n máa ń wá pè láti kékeré. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun, ohun tó kọ́kọ́ fi owó oṣù rẹ̀ rà ni ẹ̀rọ ìlọta. Ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọjà, ó sì fi Ìyápọ̀ ṣọ́ ọ.

Ìyápọ̀ àti Kàdírì jọ dàgbà ni. Wọ́n jọ ké kéú lọ́dọ̀ ààfáà kan náà, wọ́n jọ jí máńgòrò ká, wọ́n sì jọ jẹ ẹgba rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, èkejì ò jìnnà. Nítorí náà kò sí àdéhùn, kò sí ẹlẹ́rìí. Ta ló ń wá ẹlẹ́rìí sáàárín òun àti irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ogun gbé Kàdírì lọ sí apá Màídúgúrì. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ lúgọ de ọkọ̀ wọn nínú igbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. A pe fóònù rẹ̀ títí, kò wọlé. Oṣù ń gorí oṣù. Ìyá wa ò jẹun dáadáa mọ́, orí ẹní ìkírun ló ń gbé. Ìyápọ̀ bá wọlé dé lọ́jọ́ kan, omijé lójú, ó ní sójà kan pe òun, pé Kàdírì ti lọ. Àwọn àgbà gbà á gbọ́. Òun náà ló ra àgbò, tó pe àwọn ààfáà, wọ́n ṣe fìdáù, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Ibẹ̀ ló ti dìde lójú gbogbo ayé, tó ní Kàdírì ti fi ẹ̀rọ náà lé òun lọ́wọ́ kó tó lọ, pé òun á máa fi tọ́jú ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ìyá wa ò lò ju sáà díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó tẹ̀lé ọmọ tó rò pé ó ti kú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú títí dòní. Kàdírì wà láàyè. Ó wà ní ọsibítù lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, fóònù rẹ̀ ti jóná mọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀, ó yá fóònù nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí, ti Ìyápọ̀ ni. Ó pè é, ó ní kó bá òun sọ fún ìyá òun pé òun ò kú. Ìyápọ̀ ní òun ti gbọ́, kó má ṣèyọnu. Lẹ́yìn ìpè yẹn ló lọ ra àgbò.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, àwọn tó mọ̀ ọ́n sá. Ó wọlé, ó béèrè ìyá wa, mo sì mú un lọ síbi tí a sin ín sí. Kò sunkún. Ó kàn bi mí léèrè ẹni tó sọ fún wa pé òun kú. Nígbà tó débi ẹ̀rọ, Ìyápọ̀ búra pé ẹnikẹ́ni ò pe òun, ó ní ẹ̀rọ náà ti di tòun, kí Kàdírì mú ẹlẹ́rìí wá bó bá ní. Àwọn àgbà ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀, ẹran àgbò náà ti dà nínú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò ní àdúrà méjì: kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun fojú òun rí òpin òwò Ìyápọ̀.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní òwò ṣíṣe ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n máa ń fi olúkúlùkù wọn sọ́wọ́ oníṣòwò àgbà kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́ ni Màdáámù Fọlákẹ́mi, opó sójà tó ń ta aṣọ òfì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màdáámù bi wọ́n léèrè ohun tí kálukú fẹ́ fi òwò ṣe. Ẹnìkan ní òun fẹ́ rán ọmọ níléèwé, ẹnìkan ní òun fẹ́ kọ́lé. Kàdírì ní òun fẹ́ kí Ìyápọ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí òun sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń tì í. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Màdáámù ò rẹ́rìn-ín. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

“Máa bínú, Kàdírì,” ó ní. “Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí obìnrin tó gbé iṣu wá bá ọ jẹ nínú ìbínú náà.”

Ó ní kó lọ wádìí ohun tó ń dun àwọn oníbàárà Ìyápọ̀. Èmi ni Kàdírì rán. Mo gbé iṣu lọ síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, mo jókòó, mo la etí sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni Ìyápọ̀ fi ń lọ ata, ó fi ń lọ àgbàdo, ó tún fi ń lọ pákí. Èlùbọ́ àwọn obìnrin ń ta lẹ́nu bí ata, wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n wọn ò ríbòmíràn gbé e lọ. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ibi tí bàtà ti ń ta ọ̀tá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí Kàdírì ṣe ra ẹ̀rọ tuntun nìyẹn, tó ní èlùbọ́ nìkan lòun máa lọ, òun ò lọ ohun mìíràn.

Ọjọ́ tí a ṣí i, èrò pọ̀. Àwọn kan wá wo ẹni tó kú tó jí, ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣu dání. Ẹ̀gbọ́n mi bá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn tò lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìjókòó, kò gbọdọ̀ sí ariwo. Ó gé páálí, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó ń pín in fún àwọn ìyá àgbà bí ẹni ń pín oúnjẹ ní báràkì. Àdìjátù, olórí àwọn elélùbọ́, kúrò lórí ìlà láti lọ kí ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Kàdírì sì jágbe mọ́ ọn pé kó padà sáyè rẹ̀. Àdìjátù wò ó tìyanutìyanu. Ó ní òun ìyá Ràsáàkì, òun ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà méjì? Ó gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ sórí, ó ń lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ìyápọ̀ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀yin náà ò rí i, èèyàn kọ́ nìyẹn. Ó ní àkúdàáyà ni, òkú tó dìde tó ń gbé láàárín alààyè, pé ta ló máa jẹ èlùbọ́ tí òkú lọ? Ọ̀rọ̀ náà mú àwọn èèyàn. Ẹ̀rọ wa dákẹ́ jẹ́ẹ́, aláǹgbá ń sáré lórí rẹ̀. Bí àwọn obìnrin yẹn ò bá padà, ẹ̀gbọ́n mi ti parí nìyẹn, Ìyápọ̀ ti pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Màdáámù Fọlákẹ́mi gun ọ̀kadà wá láti Ìsẹ́yìn, eruku pupa bo gèlè rẹ̀. Ó wo ìlà ẹfun, ó wo páálí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ìlú la wà, a ò sí ní báràkì, pé ibi ìlọta ni obìnrin ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Bí kò bá lè béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ wọn, kó tètè ta ẹ̀rọ náà. Ó mú un lọ sílé Àdìjátù kó lọ bẹ̀bẹ̀.

Mo bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ tó fọ́ ò jẹ́, ó sì ṣubú gbàgà síwájú ìyá náà. Àdìjátù gbá a mú. Ó di apá rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo òógùn tó bo iwájú orí rẹ̀.

“Òkú kì í làágùn,” ó ní. “Àkúdàáyà kì í sì í padà sílùú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìyápọ̀ purọ́.”

Ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí Àdìjátù bá sọ̀rọ̀ ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ ti parí. Kàdírì nu ìlà ẹfun kúrò, ó kan bẹ́ǹṣì, ó gbé àmù omi sábẹ́ igi. Ó kọ́ láti máa pe ìyá Mùyìbátù, ìyá Waheedat, kó béèrè ọmọ tó lọ sí Òkèhò àti ọkọ tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀kọ́ náà le fún un ju ti ìbọn lọ. Wọ́n padà wá díẹ̀díẹ̀, títí wọn fi tán lọ́dọ̀ Ìyápọ̀. Ọjọ́ tí Ìyápọ̀ ti ilé ẹ̀rọ rẹ̀ pa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ dúró sí òdìkejì títì, a ń wò ó títí kọ́kọ́rọ́ fi yí. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ ọdún lọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan tí Ìyápọ̀ gbé àpò iṣu kan léjìká, tó wọlé tọ̀ wá wá. Gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i. Èébú ti kún ẹnu mi, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdírì nawọ́ sí mi pé kí n dúró.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ó ní. “Kí lorúkọ yín?”

Ìyápọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. “Kàdírì, èmi náà ni.”

“A máa ń kọ orúkọ sára àpò ni, kó má baà sọnù.”

Ìyápọ̀ wò mí, ó wo Àdìjátù. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ẹni tó ṣe fìdáù ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàyè wá ń pe orúkọ ara rẹ̀ fún un bí àlejò: “Ìyápọ̀ ni.” Kàdírì fi èédú kọ ọ́ sára àpò náà, ó ní kó jókòó, wọ́n á pè é. Nígbà tó kàn án, ó lọ iṣu rẹ̀ dáadáa, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ó kó o sápò, ó so ó.

Ìyápọ̀ bá kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun ilẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó ní òótọ́ ni, Kàdírì pe òun lọ́jọ́ yẹn, ojúkòkòrò ló mú òun. Ó ní kó dárí ji òun nítorí Ọlọ́run.

Kàdírì fi pẹ̀lẹ́ gbé e dìde, bó ṣe ń gbé arúgbó.

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ẹni téèyàn bá mọ̀ ló ń dárí jì. Èmi ò mọ̀ yín rí.”

Ìyápọ̀ gbé èlùbọ́ rẹ̀, ó ń lọ. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá wa ni mo ti ń retí ọjọ́ náà, mo sì ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi pé ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó ń wo ọ̀nà tí Ìyápọ̀ gbà lọ, ó ń wò ó títí aṣọ rẹ̀ fi wọ àárín èrò ọjà. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó ní kí n pe ẹni tó kàn.