Awò Àkànní Tó Ń Ṣe Bàìbàì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ara ń ta mí. Abdulrauf Àkànní ọkọ mi, oníṣẹ́ fótò ni l'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó sì mọṣẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ra tẹlisíkóòpù tòkunbọ̀, awò gbọọrọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ilé wa ò tòrò mọ́.

Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe rà á. Nígbà tí Màmá ṣì wà n'Ìmùsìn, kò sẹ́ni tó ń ṣáájú wọn rí oṣù ààwẹ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí á ní, "Ẹ bi Nùsírátù ná." Ní báyìí tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ojú kan ti fọ́, dókítà sì ní èkejì ń tẹ̀ lé e, kò sóògùn. Màmá ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kóun tún fojú ara òun rí oṣù ààwẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú bá òun.

Nígbà tí awò náà kọ́kọ́ dé, kedere ni! A ń rí ẹyẹ lórí igi tó jìnnà réré. Nígbà tó yá, ó di bàìbàì. Ọkọ mi á yí kókó kékeré tó ń mú kí àwòrán mọ́, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn. Bó bá ti fẹ́ mọ́ báyìí, ọ̀pá tó di gíláàsì mú á yọ̀ wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ó tú u, ó tò ó, ó fún súkúrù títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó nù ún lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó tún dọ̀tí.

"Mùínátù, ta ló ń fọwọ́ kan awò mi?"

"Èmi kọ́ o."

Ó ní irọ́ ni, òróró ọwọ́ mi ni, nítorí mò ń dín kókóró tà. Ó ní n ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn mọ́. Èmi! Nínú ilé ọkọ mi! Inú bí mi débi pé mi ò kí i mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká wo oṣù pé. Ó gbé awò sẹ́yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò ń nawọ́, "Òun nìyẹn, lókè igi àgbọn!" Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fojú sí i.

"Àkànní, èéfín ni mò ń rí."

Ó yí i, ó yọ̀. Ó tún yí i, ó tún yọ̀, òógùn bò ó, títí oṣù fi wọ̀. Màmá fọwọ́ tá ògiri padà sí yàrá. Ọkọ mi bá kọjú sí mi: "Ṣé inú rẹ ti dùn báyìí?"

Háà! Mo ní lọ́la ni mà á mú ẹni náà.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá ló ń bọ̀, tàwọn ti abọ́ òrí. Wọ́n fi òrí ra kókó, wọ́n fi ra ọ̀pá, wọ́n wá fi àtàǹpàkò ra gíláàsì bí ẹni ń wọ́ ọmọ tuntun. "Bìsìmílà. Ojú á là o. Ara á rọ̀ o."

Mo sáré fa ọkọ mi wá. Mo ń retí kó pariwo bó ṣe pariwo mọ́ mi. Ó kàn dúró.

"Òrí yìí náà ni wọ́n fi ra ẹsẹ̀ mi nígbà tí mi ò tètè rìn," ló sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá mi."

Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ ẹ̀ rí ayé mi lóde!

Nígbà tí wọ́n jáde, ó tú awò, ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún mọ́ tónítóní. Nígbà tóòrùn wọ̀, Màmá fojú sí i. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Omi ń dà lójú wọn.

"Àláhù Akbar. Òun nìyí, bó ṣe máa ń rí n'Ìmùsìn." Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. "Mùínátù, ṣó o rí i bí òrí mi ṣe ṣiṣẹ́? Lọ́la, mà á fi kún un."

Ọkọ mi ń wò mí. Mo gbé e mì.

"Ó ṣiṣẹ́ gan-an, Màmá."

Láràárọ̀ ni Màmá ń fi òrí ra awò, láràárọ̀ ni ọkọ mi ń nù ún kúrò. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì bẹ̀ mí.